Ẹ Má Tíì Gé Igi Iwájú Ilé Yín

Aládùúgbò wa kan ní Kúbwá, ní Àbújá, gbé ayùn ti igi pánṣẹ́kẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní flamboyant. Ọmọ rẹ̀ ń sín, ojú ń yún un, igi sì ń pọ́n fòò lókè wọn. Igi wó, ọmọ kò dákẹ́ sísín. Ó dùn mí, nítorí abẹ́ igi yẹn ni gbogbo wa ń sá oòrùn sí.

Òdòdó tí ojú wa rí la máa ń dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀, igi tí òdòdó rẹ̀ bá rẹwà, kòkòrò àti ẹyẹ ló sábà ń gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó rẹ̀ (pollen) kiri. Ó wúwo, ó ń lẹ̀, kì í fò jìnnà. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé ló ń wọ imú: ti koríko, àti ti igi bíi Casuarina tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Ta ló ń wo òdòdó koríko? Bí òjò bá ń lọ sópin, ó ti yọ orí lẹ́bàá títì àti lórí gbogbo ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́, kí ọyẹ́ tó gbé eruku tirẹ̀ dé. Koríko ni kí ẹ gé, kó tó yọ orí, kì í sì í ṣe ẹni tí ń sín ni kí ẹ rán níṣẹ́ náà. Lásìkò yẹn, ẹ má sá aṣọ ìbora síta.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sun ewé tí ẹ gbá jọ. Àwọn kan ń fi èéfín dongoyárò lé ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n èéfín lè dá ikọ́ fée sílẹ̀ lójijì.

Lẹ́búlẹ́bú kì í ṣe kòkòrò àrùn, nítorí náà kápúsù apakòkòrò tí ẹ rà ní kẹ́mísì kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Oògùn tí a ń kán sí imú tó dí, ẹ má lò ó ju ọjọ́ 5 lọ. Bó bá pẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa dí imú. Ẹ má sì gbé Piriton mì kí ẹ wakọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja, oorun á kùn yín.

Bí ibà bá wà, tí orí ń fọ́ gan-an, tí ọrùn sì gan, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òdòdó mọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yírùnyírùn ń jà ní Àríwá. Ẹ gbé aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru.