Bí mo ṣe ń tọ́jú gínípígì méjì ní Kàbà, àti bí mo ṣe fọ ilé wọn

Gínípígì ni ẹran ọ̀sìn kékeré tó dà bí ehoro elétí kúkúrú. Ohun tó ń ba ilé rẹ̀ jẹ́ kì í ṣe ìgbẹ́ rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ ni. Ìgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó rí bí ẹ̀wà tó gùn díẹ̀, ìgbálẹ̀ lásán ti tó o. Ìtọ̀ ló máa ń wọ abẹ́ nǹkan lọ. Nínú ooru tiwa níbí, kó tó di ọjọ́ kejì ó ti di òórùn tó ń ta ni lójú. Imú ẹran yìí ò sì ju ìka méjì lọ sí ilẹ̀. Kí èèyàn tó wà lórí ìdúró tó gbọ́ òórùn náà, ẹran ti ń fà á símú láti òru. Ibi tí ìtọ̀ bá wà ni mo máa ń kọ́kọ́ dé, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Abo méjì ni mo ń sìn, torí gínípígì kì í fẹ́ dá gbé. Ẹni tó bá kó akọ àti abo pọ̀, kó ti ka ọmọ mọ́ iye wọn: oyún wọn ń gba ọjọ́ 59 sí 72, abo sì lè gba akọ padà láàárín wákàtí díẹ̀ tó bímọ.

Ilé wọn gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 60. Kí ẹ má ṣe fi wáyà ṣe ilẹ̀ rẹ̀ bí a ti ń ṣe fún ehoro. Àtẹ́lẹsẹ̀ gínípígì ò nírun. Wáyà á dá egbò sí i, egbò á wú, jíjinná rẹ̀ á sì di iṣẹ́ oṣù. Pákó pẹlẹbẹ ni mo lò, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà lé e, mo sì jẹ́ kí etí rẹ̀ gun ẹ̀gbẹ́ lọ ní 10 sẹ̀ǹtímítà yíká. Wáyà olójú wẹ́wẹ́ ni mo fi bo ẹ̀gbẹ́, torí ejò ń gba ojú wáyà adìẹ kọjá.

Ẹsẹ̀ ilé náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú agolo tí omi wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ́ìlì mọ́tò àlòkù lórí omi. Ìjàlọ ni mo ṣe é fún. Lásìkò òjò nílẹ̀ Òkun, níbi tí Kàbà wà, òru ni ìjàlọ máa ń dé, ẹran inú àgò ò sì níbi tó fẹ́ sá sí. Tí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ yẹ agolo wò, torí tí omi bá kún, ọ́ìlì ló ń kọ́kọ́ dànù. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ilé náà: ẹyọ koríko kan tó bá gba ojú wáyà jáde tó kanlẹ̀ ti tó afárá fún wọn.

Ní nǹkan bí aago 6:30 àárọ̀, mo máa ń tẹ́tí kí n tó ṣí ilẹ̀kùn. Tí ọ̀rá bá ti dún lọ́wọ́ mi, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Èyí tí kò bá súfèé, tó kó ara jọ sí igun, tí irun rẹ̀ dìde, òun ni iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹran tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni láti ìpilẹ̀, ó máa ń fi àìsàn pamọ́ títí yóò fi le. Ìfun rẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró. Tó bá ti kọ oúnjẹ fún wákàtí 12, kì í ṣe ohun tí à ń sùn lé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń kó èyí tó rin nínú èérún igi tí mo tẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ibi méjì ni wọ́n sábà ń tọ̀ sí: inú àpótí tí wọ́n ń sá pamọ́ sí, àti abẹ́ ibi tí koríko wà, torí wọ́n máa ń jẹ, wọ́n á sì máa tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo ń kó jáde, mo ń fi gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ di ọjọ́ Sátidé, kò sí ọṣẹ tó máa bá a tún un ṣe. Tí ẹ bá rí i tó tẹ orí sí ìdí ara rẹ̀ tó ń jẹ nǹkan, ẹ má fòyà. Irú ìgbẹ́ rírọ̀ kan wà tó gbọ́dọ̀ tún jẹ kí oúnjẹ tó ṣe é lóore tán.

Omi wà nínú ìgò tí a gbé kọ́, tó ní ọ̀pá irin tí bọ́ọ̀lù kékeré wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹran tó bá wọn kílò kan ń mu nǹkan bí 100 mílílítà lójúmọ́. Láràárọ̀ mo ń fi ìka ti bọ́ọ̀lù náà kí n rí i pé omi ń kán. Èérún koríko máa ń há sí i: ìgò á kún dẹ́múdẹ́mú, èèyàn á rò pé wọ́n lómi, òùngbẹ á sì máa pa wọ́n.

Koríko ni oúnjẹ wọn. Nínú nǹkan mẹ́wàá tí wọ́n bá jẹ, ó yẹ kí mẹ́jọ jẹ́ koríko, torí eyín wọn kì í dẹ́kun gígùn, ti iwájú àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Rírún koríko ló ń yún un. Lásìkò òjò, èèsún tí kò tíì le àti ewé àgbàdo ò wọ́n wa. Háhá àgbàdo tútù náà dára. Fún ọ̀gbẹlẹ̀, mo máa ń gé koríko sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, kí iná ìgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìbòòji ni mo ń sá a sí, mo ń yí i padà lójoojúmọ́ títí tí yóò fi máa dún ṣaṣa. Èyí tí a bá kó jọ ní tútù á gbóná nínú, á sì bu; ẹ má fún wọn. Kí n tó ti dòjé bọ oko olóko, mo máa ń béèrè: “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti fín ibí?” Oògùn apakoríko kì í hàn lójú ewé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fín in.

Fítámì C ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Ara gínípígì ò lè ṣe é fúnra rẹ̀, bí ara tiwa náà ò ti lè ṣe é. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò 10 sí 30 mílígíráàmù lójúmọ́, aboyún sì nílò púpọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń fi oúnjẹ ehoro nìkan bọ́ wọn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan á rí i pé wọ́n ń tiro, oríkèé wọn wú, irun wọn rí gákagàka. Gúáfà ló rọ̀ wá lọ́rùn jù níbí: 100 gíráàmù rẹ̀ ní ju 200 mílígíráàmù lọ, nítorí náà bíbẹ́ tó tó orí àtàǹpàkò ti tó fún ẹran kan. Nígbà tí kò bá sí gúáfà, mo máa ń lọ ìdámẹ́rin hóró fítámì C oní-100 mílígíráàmù, mo ń wọ́n ọn sórí ewé. Ẹ má dà á sínú omi. Ìmọ́lẹ̀ á bà á jẹ́, adùn rẹ̀ sì lè mú kí wọ́n kọ omi.

Ewé ọ̀dùnkún àti yánrin ni mo ń fún wọn nírọ̀lẹ́, ìwọ̀n ìkúnwọ́ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, torí ohun kan wà nínú wọn tó lè di òkúta nínú àpòòtọ̀. Ewé ẹ̀gẹ́, rárá. Ó yí ilé gbogbo ká lọ́dọ̀ wa, ọmọdé lè já a fún wọn pẹ̀lú ọkàn rere, májèlé inú rẹ̀ sì ń pa ẹran. Bákan náà ni ewé píà, àlùbọ́sà, ewé kókò àti ewé tòmátò.

Láti oṣù Kejì títí òjò fi dé, ooru ló ń bà mí lẹ́rù jù. 18 sí 24 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ló bá wọn lára mu, tiwa sì máa ń kọjá 35. Mo máa ń di omi sínú ìgò oníke, mo ń fi aṣọ wé e, mo ń tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́sàn-án. Mi ò lo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, torí wọ́n á já a jẹ. Tí kò bá sí iná, àpò kókó tí a rẹ sómi, tí a fi kọ́ sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, á ṣèrànwọ́. Èyí tó bá nà gbalaja, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi omi tútù díẹ̀, tí kì í ṣe omi yìnyín, pa etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wá dókítà.

Ní Sátidé tó kọjá, aago 9 ni mo bẹ̀rẹ̀ ìfọ̀ ńlá ti ọ̀sẹ̀. Mo kọ́kọ́ kó àwọn méjèèjì sínú páálí tó ní koríko: ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọ̀kan lábẹ́ ìdí, kí n sì fà á mọ́ra, torí tó bá já bọ́, eyín tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lè dá. Mo kó gbogbo èérún igi jáde sí ìdí ewúro, àyàfi ẹ̀kúnwọ́ gbígbẹ kan tí mo yà sọ́tọ̀.

Mo wo ilẹ̀ dáadáa kí omi tó kàn án. Funfun bí ẹfun tó gbẹ mọ́ igun, ìtọ̀ wọn ni, kò burú. Tó bá rí bí iyanrìn lábẹ́ ìka, tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ àpòòtọ̀ nìyẹn. Mo da fínígà àti omi ní ìdajì-ìdajì sórí funfun náà, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, mo sì fi etí ike há a kúrò. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣe é. Ọṣẹ àti omi ló tẹ̀lé e, mo sì ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Bíllíìṣì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń lò ó, ìwọ̀n kan sí omi 30, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n tó ṣan án. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ fínígà, ẹ má sì dà á lé ìtọ̀ tí a kò tíì fọ̀: gáàsì tó ń ti ibẹ̀ jáde ń jó ẹ̀dọ̀fóró èèyàn pàápàá.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé rèé: abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo ká a sókè pátápátá. Ní igun òsì, pákó ti ní àmì dúdú bíńtín bí orí abẹ́rẹ́, ó sì rọ̀ nígbà tí mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ìtọ̀ ti gba ibi tí etí kápẹ́ẹ̀tì ti ṣí wọlé. Mo fọ ibẹ̀, mo sá gbogbo rẹ̀ sóòrùn fún wákàtí méjì, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ etí náà padà.

Bí wọ́n ti wà níta, mo wọn wọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná: 840 gíráàmù àti 790. Tí ọ̀kan bá fi 50 gíráàmù jò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, màá ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀. Tó bá ń lọ sí 100, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Mo wo eyín iwájú, mo wo ìdí bóyá ó rin, torí lásìkò òjò eṣinṣin ń yé ẹyin sí ìdí tó bá rin. Mo gé ṣónṣó èékánná. Bí ara wọn ò bá yá, ẹ má fún wọn ní ampicillin tàbí amoxicillin tí àwọn kan ń bù sómi adìẹ. Ó ń pa ohun tó ń bá wọn lọ oúnjẹ nínú ìfun, ẹran á sì kú.

Ìwé ìròyìn ìpele márùn-ún ni mo tẹ́, mo da èérún ìfági káfíńtà lé e ní sẹ̀ǹtímítà 5, mo wọ́n ẹ̀kúnwọ́ àtijọ́ sí i kí ilé lè ní òórùn tiwọn. Kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú ilé ìlagi, eruku ni yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èérún igi tí wọ́n ti kùn ní oògùn ikán.

Lálẹ́ mo kúnlẹ̀ níwájú ilé náà, mo gbé imú mi dé ibi tí imú wọn wà. Òórùn igi àti koríko gbígbẹ ló wá. Ká ní ó ta mí ni, igun òsì yẹn ni ǹ bá tún ká sókè.