Bí Mo Ṣe De Ẹ̀rọ Asẹ́ Mọ́ Páìpù Ilé Ìtọ́jú Eyín Mi

Láti ìgbà tí mo ti ra ilé ìtọ́jú eyín yìí ní ìpínlẹ̀ Texas, n kò fi àmálgáàmù, àdàlù irin tí wọ́n fi ń dí ihò eyín, dí eyín ẹnikẹ́ni rí, síbẹ̀ èmi ni mo san owó ìdọ̀tí tí àwọn tó ṣáájú mi dà sínú páìpù rẹ̀, ó sì dùn mí gan-an. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n àmálgáàmù ni mákúrì, irin olómi tó ní májèlé. Nígbà tí mo bá ń gbẹ́ èyí tó ti gbó kúrò lẹ́nu aláìsàn, èérún rẹ̀ ń bá omi lọ, bí kò bá sì sí ohun tó dá a dúró, ó lè dé odò, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ mákúrì di oríṣi tó ń kó sára ẹja.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 2017 ló ní kí irú ilé ìtọ́jú wa ní ẹ̀rọ tí yóò sẹ́ ó kéré tán 95% èérún àmálgáàmù kúrò nínú omi. Ọ̀kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti kún débi pé omi kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ríra tuntun kò nira.

Páìpù ni wàhálà. Nígbà tí oníṣẹ́ gé e, ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú tó ti dì sínú rẹ̀ kò kéré. Ilé iṣẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí ìṣègùn wa ní kí a dà á sínú àpò pupa tí a ń kó òwú ẹlẹ́jẹ̀ sí. Mo kọ̀ jálẹ̀, nítorí wọ́n lè sun irú àpò bẹ́ẹ̀, bí iná bá sì kan mákúrì, èéfín rẹ̀ yóò gba ojú ọ̀run lọ, ilẹ̀ àti odò ni yóò sì padà balẹ̀ sí. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ mákúrì kúrò nínú irú ìdọ̀tí yìí fún àtúnlò kò sì gbà á àfi nínú ike aláìjò tiwọn, ike náà kò sì tètè dé. Àwọn àga wà láìṣiṣẹ́, oníṣẹ́ páìpù gba iṣẹ́ ẹlòmíràn, owó rẹ̀ sì padà ju ti ẹ̀rọ lọ. Síbẹ̀, inú mi dùn pé n kò jẹ́ kí wọ́n sun ún.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ìtọ́jú eyín níbí, kí ó kọ́kọ́ béèrè ìwé tó fi ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ asẹ́ hàn, kí ó sì rántí pé 90 ọjọ́ ni òfin fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á láti fi ìròyìn tirẹ̀ pé ó ń tẹ̀lé òfin náà ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ. Kí ó má sì fi kẹ́míkà oníklóríìnì fọ páìpù, nítorí ó ń tú mákúrì kúrò lára èérún tí asẹ́ ti mú, omi yóò sì gbé e kọjá.