Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Káàdì Ìwọ̀n Mọ̀ Bóyá Ọmọ Yín Ń Dàgbà Dáadáa

Àwọn ìyá tí wọ́n ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Iléṣà máa ń tọ́jú káàdì ọmọ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í wò ju ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn sí. Èyí máa ń dùn mí, nítorí pé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ni Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ti bẹ̀rẹ̀ irú káàdì yìí nínú àwọn ọdún 1950, tí ó sì fi í sọ́wọ́ àwọn ìyá fúnra wọn, kí ó tó tàn káàkiri ayé.

Kí ẹ tó gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ẹ bọ́ aṣọ àti ìlédìí rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ọwọ́ òṣùwọ̀n wà lójú òdo. Ẹ wá iye oṣù ọmọ nísàlẹ̀ àtẹ ìwọ̀n tó wà nínú káàdì, ẹ wá iye kílò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni kí ẹ fi bírò sàmì sí, kí ẹ sì fa ìlà láti àmì oṣù tó kọjá wá síbẹ̀. Àtẹ ọmọkùnrin yàtọ̀ sí ti ọmọbìnrin.

Ibi tí ìlà náà dojú kọ ṣe pàtàkì ju ibi tí àmì kan ṣoṣo wà lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọbìnrin méjì: èkíní wọn kílò 8 ní oṣù keje, ó ṣì wọn kílò 8 ní oṣù kẹsàn-án, èkejì wọn kílò 6.6 ní oṣù keje, ó sì di kílò 7.2 ní oṣù kẹsàn-án. Èkíní ni àwọn ará ilé yóò máa yìn pé ó sanra, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó yẹ kí a tètè bójú tó, nítorí ìlà tirẹ̀ ti dùbúlẹ̀, nígbà tí ti èkejì ń gòkè bí ó ti yẹ. Ọmọ tuntun nìkan ni kí ẹ má bẹ̀rù fún bí ó bá fọn díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ó yẹ kí ó ti gba ìwọ̀n ìbí rẹ̀ padà bí ó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí ìlà bá dùbúlẹ̀, ẹ ro ó bóyá ìgbẹ́ gbuuru tàbí ibà ti ṣe ọmọ láìpẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ni kí ẹ máa fún un lemọ́lemọ́, kì í ṣe ògì, kí nọ́ọ̀sì sì wo bí ó ṣe ń fà á. Èyí tó ti kọjá bẹ́ẹ̀, ògì lásán kò lè gbé e ró: ẹ lọ edé tàbí ẹja gbígbẹ sí i, ẹ fi epo díẹ̀ sí i, ẹ máa fún un ní ẹyin àti ẹ̀wà tí a gún kúnná, kí ẹ sì gbé e padà wá wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ máa wo ohun tí ọmọ ń ṣe pẹ̀lú: bí kò bá lè dá jókòó lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, tàbí kò lè dá rìn ní oṣù kejìdínlógún, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá sì wú, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tí ó jin, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òṣùwọ̀n rárá, torí omi inú ara a máa mú kí ọmọ tó ti rù wúwo. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.