Bí ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ ṣe lè dọ́gba

Bí ẹ bá ń ṣètò ìṣúná ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ kọ́kọ́ wo iye owó tó wọlé ní tòótọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé yóò wọlé. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti sábà máa ń dàrú.

Ká ní owó tó ń wá láti Àbújá àti owó abẹ́lé jẹ́ bílíọ̀nù 100 náírà, tí ìnáwó sì jẹ́ 120. Ẹ yọ owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì àti gbèsè sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá gba 70, inú 50 tó kù nìkan lẹ ti lè gé nǹkan. Ọkọ̀ tuntun, ìrìnàjò àti epo jẹnẹrétọ̀ àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé. Ẹ má tètè gé iṣẹ́ ọ̀nà tó ti dé ìdajì: òjò á gbá a lọ, kọngilá á sì béèrè owó tuntun.

Ìpínlẹ̀ kò lè dá gbé VAT, owó orí ọjà (7.5%), tàbí ìdá owó orí òṣìṣẹ́ sókè, òfin ìjọba àpapọ̀ ló ń pinnu wọn. Owó ilẹ̀ tí àwọn onílé ń san ló wà níkàáwọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó fi kún un, ẹ ka ilé Bódìjà àti Akóbọ̀ n'Ìbàdàn tí kò sí nínú ìwé. Bí ẹ bá fi kún ti ẹni tó ń san tẹ́lẹ̀ nìkan, òun náà á dáwọ́ dúró. Owó tuntun kì í tètè wọlé, nítorí náà ìdajì ni kẹ́ ẹ kà lọ́dún àkọ́kọ́.

Bí ilé aṣòfin kò bá tíì fọwọ́ sí ètò ìṣúná ní January 1, abala 122 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 gba gómìnà láyè láti náwó fún oṣù díẹ̀, kò gbọdọ̀ ju iye àsìkò kan náà lọ́dún tó kọjá.