Ọkọ̀ Ni A Kọ, Ọkọ Ni Wọ́n Kà

Ìyá Ìbejì ló wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nílé mi ní Òkè-Àdó, ó ní òun ní orin kan lẹ́nu. Láti kékeré ló ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Kérúbù àti Séráfù, gbogbo wa la sì mọ ohùn rẹ̀. Ó nípọn nísàlẹ̀, àmọ́ bó bá gòkè, ó máa ń ha díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ǹtì. Èmi ni mo ń tẹ dùùrù fún wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo máa ń gba orin sílẹ̀ fáwọn èèyàn nínú yàrá kan tí mo to mátírẹ́ẹ̀sì ti ògiri rẹ̀.

Orin tó mú wá kì í ṣe ti ìjọ. Obìnrin kan jí dé gáréèjì Ìwó Road, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé, ó sì bá a pé ọkọ̀ ti lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá Dùùrù, soul ni mo fẹ́ o. Ẹ má fi ìlù ijó bà á jẹ́ fún mi."

Soul, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, kì í ṣe àlejò ní Ìbàdàn. Orlando Julius, ọmọ Ìkọ́lé-Èkìtì, ti fi ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níbí káwọn òbí mi tó mọra. 1966 ni àwo Super Afro Soul rẹ̀ jáde. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń kọ ọ́ náà, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ṣọ́ọ̀ṣì bàbá Aretha Franklin ní Detroit ló ti kọ́kọ́ ń kọrin. Nítorí náà, mi ò jiyàn. Mo gbé orin náà sí ìlù mẹ́fà-mẹ́fà tó ń rọra mi, irú èyí táwọn màmá ìjọ fi ń jó lọ síbi pẹpẹ, ìlù 64 ní ìṣẹ́jú kan.

Ibi tá a ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ ni ègbè. "Ọkọ̀ ti lọ, ó fi mí sílẹ̀." Bí Ìyá Ìbejì ṣe ń kọ ọ́, ó ń fa ohùn sókè lórí "kọ̀", bí akọrin soul ṣe máa ń ṣe. Mo dá orin dúró.

"Ìyá Ìbejì, ọkọ́ lẹ pè yẹn o. Ọkọ́ tá a fi ń roko."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún un kọ, kò fà á sókè mọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ kalẹ̀ náà. Ó wá di ọkọ. Ọkọ ti lọ, ó fi mí sílẹ̀! Orin mìíràn pátápátá nìyẹn, ó sì lè tà ju tiwa lọ.

Ohun tó ṣe àwọn orin ìjọ àtijọ́ náà nìyẹn. Ohùn òyìnbó ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé, àwa tá a bá wọn níbẹ̀ kàn ń fọkàn túmọ̀ wọn ni. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán méjì gbáko la fi wá ibi tá a lè gbé ọ̀ṣọ́ ohùn sí. Ohun tá a fẹnu kò sí ni pé kí "kọ̀" já wálẹ̀ gbáà, kó má lọ́, kó má wé. "Lọ" ni kó máa fi dárà: kó kọ́kọ́ dúró ṣinṣin lórí ohùn rẹ̀ kí etí lè mú un, kó tó wá máa gùn ún, kó máa sọ̀ ọ́. Bá a ṣe ṣe é báyẹn, ariwo ta nínú yàrá, torí ọkọ̀ náà wá ń lọ lóòótọ́, ó ń jìnnà sí wa.

Ọjọ́ Sátidé la gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n mú iná lọ, mi ò sì lè tan jẹnẹrétọ̀ torí ariwo, inverter nìkan la gbójú lé. A pa fáànù. Òógùn ń kán lára Ìyá Ìbejì sórí ìwé ọ̀rọ̀ orin. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló kọ ọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta la mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbọ́ tí aláàkàrà kan ń kígbe lókèèrè ní ìlà kejì. Mo fi í sílẹ̀. Gáréèjì wo ni kò ní aláàkàrà?

Nígbà tí mo po gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, mo gbé e wọ Máíkírà láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀, mo bẹ dírẹ́bà pé kó bá mi lù ú. Básì, ìyẹn ìró ìsàlẹ̀ orin náà, pòórá pátápátá nínú ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀. Mo padà sílé lọ fi ìró tó le díẹ̀ bo básì náà lórí kí ẹ̀rọ kékeré lè gbé e. Ká tó gbé e jáde, a jókòó kọ ìwé àdéhùn: ìdajì orin fún un, ìdajì fún mi, a sì san owó onígìtá lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi èyí sílẹ̀ di ìgbà tí owó bá dé o.

Ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló wá dá wa lágara. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ni mo fi ránṣẹ́, torí ọjọ́ Jímọ̀ ni orin tuntun ń jáde kárí ayé láti 2015, ó sì yẹ káwọn tó ń to orin jọ gbọ́ ọ ṣáájú. Àwòrán èèpo wà ní píksẹ́lì 3000 lórí 3000. Nọ́ńbà ISRC rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń dá orin tá a gbà sílẹ̀ mọ̀, ti dé. Ó ku àkọlé. Nínú kọ̀ǹpútà, "ọ" ní ààyè tirẹ̀, àmọ́ "ọ̀" kò ní; "ọ" lèèyàn á tẹ̀, á wá gbé àmì lé e lórí bí ẹrù. Fọ́ọ̀mù wọn kò gba "ọ", kò gba ẹrù orí rẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́ta tí mo kọ sí wọn, "Oko Ti Lo" ni wọ́n gbé jáde.

Agogo méje àárọ̀ Jímọ̀ ni ìyá Bàbá Ìbejì pe ọmọ rẹ̀ láti Ọ̀yọ́. Ẹnì kan ti fi orin ìyàwó ọmọ rẹ̀ hàn án lórí fóònù. "Ọmọ mi, ibo lo sá lọ?" Kó tó di ọ̀sán, àwọn méjì níbi iṣẹ́ Bàbá Ìbejì ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àna rẹ̀ kan ní kò tọ́ kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ síta.

A ti kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n fi àmì sídìí "o", àmì ohùn kò dé. "Ọkọ Ti Lọ." Ó tún wá burú sí i!

Bàbá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Mo rò pé ó fẹ́ bínú. Ó ní kí n bá òun fi orin náà sí orí láìnì òun, kẹ́ni tó bá ń pe òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ìyàwó òun ṣe pè é lẹ́nu, kó tó béèrè ibi tóun wà. Mo ti ń kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Wọ́n ní kí n má lo àmì kankan nínú àkọlé.