Bí Kérésì ọdún yìí ṣe máa jẹ́ ti Jésù nínú ilé wa

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Gbogbo wa la mọ bí Kérésì ṣe máa ń rí tá a bá ti dé láti Àbújá àti Èkó, ní Kàbà o, ní Mọ̀pà o, ní Ìsánlú o, ilé á kún, odó á máa dún, àwọn ọmọ á máa yin bángà, àmọ́ tílẹ̀ bá fi máa ṣú èèyàn lè má gbọ́ orúkọ Jésù ju ìgbà tá a gbàdúrà sí oúnjẹ lọ. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Inú mọ́tò ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Lọ́kọ́ja, tí àwọn ọmọ ń ráhùn pé àyè ò gba àwọn, ẹ sọ fún wọn pé Jósẹ́fù náà ń lọ sílé baba ẹ̀ ni, torí Késárì Ògọ́sítù ní kí oníkálùkù lọ kọ orúkọ sílẹ̀ nílùú ẹ̀, ló bá gbéra ní Násárétì tòun ti Màríà tó lóyún, ọ̀nà tó jìn ju 100 kìlómítà lọ dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù.

Alẹ́ ọjọ́ 24 ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ kó fóònù sápá kan, ẹ tan àtùpà, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ka Lúùkù 2 ẹsẹ 1 sí 20, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí bàbá kà á. Tó bá dé ibi tí Màríà ti fi ọ̀já wé ọmọ, kí ìyá àgbà mú ọ̀já tó fi pọ̀n wọ́n jáde, kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ibùjẹ ẹran ńkọ́? Nǹkan tí ewúrẹ́ ti ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìnkùlé ni, ẹ mú wọn lọ wò ó, kí wọ́n rí ibi tí wọ́n tẹ́ Olúwa sí. Ẹ̀yin náà á rí i pé ilé á dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ tó bu iyán tiyín, ẹ kọ́kọ́ bu ti ìyá tí ọmọ ẹ̀ ò lè wálé, kí ọmọ gbé e lọ, kó sì jókòó tì í díẹ̀.

Ẹ má tíì sọ ti àwọn amòye o. Mátíù 2 ò sọ pé mẹ́ta ni wọ́n, ilé ni wọ́n sì bá ọmọ náà. Ẹ fi tiwọn sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà, ẹ ka ibi tí wọ́n ti gba ọ̀nà mìíràn lọ sílùú wọn, kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò.