Bí A Ṣe Ń Múra Ara Sílẹ̀ fún Gígun Òkè Gíga

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ fún òkè tó ga ju 5,000 mítà lọ, ó yẹ kó mọ̀ pé kò sí eré ìdárayá tí a lè ṣe ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí yóò mú kí afẹ́fẹ́ òkè mọ́ ara lára. Ní nǹkan bí 5,500 mítà, ọ́síjìn tí èémí kọ̀ọ̀kan ń gbé wọlé kò ju bí ìdajì èyí tó ń gbé wọlé létí òkun lọ, orí òkè fúnra rẹ̀ ni ara sì ti ń kọ́ bí yóò ṣe fara dà á. Iṣẹ́ ìdárayá ni láti dín agbára tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ ẹni kù.

Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò, kí ẹ sì fún ara yín ní oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ máa rìn kíákíá tàbí kí ẹ máa sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, fún ìṣẹ́jú 45 ó kéré tán, kí ẹ sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìrìn gígùn tó lè gba wákàtí mélòó kan. Bí ẹ kò bá lè sọ odindi gbólóhùn kan láìmí hẹlẹ, eré yín ti pọ̀ jù. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í, torí wọ́n rò pé ìdárayá tí kò bá mú ènìyàn mí gúlegúle kì í ṣe ìdárayá.

Lẹ́yìn náà ni ẹrù kàn. Ẹ fi kìlógíráàmù márùn-ún bẹ̀rẹ̀ nínú àpò ẹ̀yìn, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó 15 sí 20, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi kún ẹrù kí ẹ tún fi kún gíga ibi tí ẹ ń gùn lọ́sẹ̀ kan náà. Bí kò bá sí òkè nítòsí, àtẹ̀gùn ilé alájà púpọ̀ tó. Omi inú ike ni mo fẹ́ràn jù fún ẹrù yìí, torí a lè dà á nù lókè kí orúnkún lè sinmi nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bàtà tí ẹ máa wọ̀ lọ sórí òkè ni kí ẹ máa wọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ máa lóṣòó kí ẹ sì máa dìde, kí ẹ tún máa fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpótí, jẹ́jẹ́. Iṣan iwájú itan ló ń dá ara dúró nígbà ìsọ̀kalẹ̀, ìgbà tó sì ti rẹ̀ ẹ́ tán ni ẹsẹ̀ máa ń yẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin-kẹrin, ẹ dín iṣẹ́ kù kí ara lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ dín in kù gidigidi.

Tí ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà lórí òkè, ẹ má ṣe jẹ́ kí ibi tí ẹ máa sùn fi ju 500 mítà ga ju ti àná lọ. Alágbára ni èyí máa ń ṣòro fún jù, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè gbé e lọ nígbà tí orí ti ń fọ́ ọ.